Ọ̀nà tí owó kírípítò ń gbà dé ọwọ́ òǹkọ̀wé

Lórí Hive, ìyẹn ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń fi kírípítò san owó fún òǹkọ̀wé, bí òǹkọ̀wé bá gbé àpilẹ̀kọ jáde, nọ́ḿbà kékeré kan máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ní àmì dọ́là níwájú. Bí ìbò ṣe ń wọlé fún àpilẹ̀kọ náà ni nọ́ḿbà ọ̀hún ń gòkè. Ẹni tó bá rí $10 níbẹ̀ lè ti fi náírà ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, kó sì ti pín in sórí owó ilé, owó dátà àti owó epo jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n $10 yẹn kò tíì di owó ẹnikẹ́ni. Ibodè mélòó kan ló wà láàárín rẹ̀ àti àkáǹtì báńkì, a sì máa ń yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó ń fi ìwé kíkọ jẹun, tí kò ní ọ̀gá tó ń san owó oṣù fún un, gbọ́dọ̀ mọ àwọn ibodè wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó náà sí tirẹ̀ ni yóò sọ bóyá yóò jẹ gbèsè kí oṣù tó parí.

Orísun owó náà ló yẹ kó kọ́kọ́ yéni. Kì í ti àpò òǹkàwé jáde, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe owó ìpolówó ọjà bíi ti Google tàbí Facebook. Ètò Hive fúnra rẹ̀ ló ń ṣe owó tuntun. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta mẹ́ta ni búlọ́ọ̀kù tuntun, ìyẹn ìdìpọ̀ àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ètò náà, ń jáde, HIVE tuntun díẹ̀, ìyẹn owó kírípítò ti Hive, sì ń bá a jáde. Ìdá 65 nínú 100 owó tuntun yìí ń bọ́ sínú àpò àjùmọ̀ní tí wọ́n ń pín fún àwọn tó ń kọ̀wé àti àwọn tó ń dìbò. Ìdá 15 jẹ́ ti àwọn tó ti owó wọn mọ́ inú ètò, ìdá 10 ń lọ sí àpò ìdàgbàsókè, ìdá 10 tó kù sì jẹ́ ti àwọn witness, ìyẹn àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn ń gbé gbogbo rẹ̀ ró. Ohun tó wá ń sọ owó tuntun yìí di owó gidi ni pé ẹnì kan wà lọ́jà tó fẹ́ rà á. Bí olùrà bá dínkù, iye rẹ̀ yóò wálẹ̀, bó ti wù kí àpilẹ̀kọ dára tó.

Adìbò kì í ná kọ́bọ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ iye tí àpilẹ̀kọ kan yẹ kó bù nínú àpò àjùmọ̀ní. Àmọ́ ìbò kò dọ́gba rárá. Hive Power, ìyẹn HIVE tí èèyàn tì pa sínú ètò, ni wọ́n fi ń wọn agbára ìbò: ìbò ẹni tó ní 100,000 tó ti ẹni tó ní 100 lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Ìbò kíkún kan ń jẹ ìdá 2 nínú 100 agbára adìbò, ìdá 20 ló sì ń padà bọ̀ lóòjọ́, nítorí náà ìbò kíkún mẹ́wàá lóòjọ́ ló wà ní ìwọ̀n. Ẹgbẹ̀rún òǹkàwé tí kò ní Hive Power lè ka àpilẹ̀kọ tán, kí wọ́n gbóríyìn fún ẹni tó kọ ọ́, kí nọ́ḿbà má sì kúrò ní $0.00. Èyí ló ń ba ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé tuntun nínú jẹ́, tí wọ́n á rò pé iṣẹ́ àwọn kò dáa. Iṣẹ́ wọn lè dáa gan-an. Àwọn tí ìbò wọn wúwo ni kò tíì rí i. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀nà fi máa ń wọ àwùjọ tó ń kọ nípa ohun kan náà pẹ̀lú wọn, tí wọ́n sì ń fèsì fún èèyàn níbẹ̀ kí wọ́n tó retí owó.

Láàárín ọjọ́ méje àkọ́kọ́, nọ́ḿbà náà lè gòkè, ó sì lè já wálẹ̀. Ìbò ìsàlẹ̀ wà: ẹni tó ní agbára lè sọ pé àpilẹ̀kọ kan ti gba ju ohun tó yẹ lọ tàbí pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n jí kọ, kó sì fi ìbò tirẹ̀ dín in kù. Iye HIVE lọ́jà pẹ̀lú ń ti nọ́ḿbà náà síwá-sẹ́yìn. Bó bá di ọjọ́ keje, ìpín dé. Àpilẹ̀kọ tí tirẹ̀ kò tó $0.02 kò ní gba nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká mú $10 yẹn kọjá. Adìbò ló kọ́kọ́ ń gba ìdajì, $5. Bí òǹkọ̀wé bá ti yan ẹlòmíràn tàbí ẹgbẹ́ kan láti bá a pín in nígbà tó ń gbé àpilẹ̀kọ jáde, tiwọn náà yóò kúrò nínú $5 tó kù. Ká ní kò yan ẹnikẹ́ni. $5 yìí ń pín sí méjì bí òǹkọ̀wé kò bá yí ètò ìsanwó padà: $2.50 ń wá gẹ́gẹ́ bí HBD, ìyẹn owó Hive tí wọ́n so mọ́ dọ́là kan, $2.50 kejì sì ń di Hive Power. Bí HIVE kan bá jẹ́ sẹ́ǹtì 25, Hive Power 10 nìyẹn. Nínú $10 tó wà nísàlẹ̀ àpilẹ̀kọ, ìdámẹ́rin péré ni òǹkọ̀wé lè ná lọ́jọ́ keje.

Hive Power kì í ṣe ohun tí èèyàn lè tà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di HIVE tó ṣeé tà yóò bẹ̀rẹ̀ power down, ètò á sì máa dá a padà fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá. Hive Power 10 wa yẹn yóò máa wá ní nǹkan bí 0.77 lọ́sẹ̀. Èyí pàápàá ti dẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, nítorí nígbà tí ètò yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016 lábẹ́ orúkọ Steem, ọ̀sẹ̀ 104 ni. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá tó pé, iye HIVE lè ti kúrò ní sẹ́ǹtì 25 bọ́ sí 15, kí $2.50 sì di $1.50. Ó lè gòkè náà, lóòótọ́. Ẹni tó ní iṣẹ́ mìíràn lè fi Hive Power sílẹ̀ kó máa pọ̀ sí i, nítorí ó ń mú ìbò tirẹ̀ wúwo, ó sì ń mú owó ìdìbò wá. Àmọ́ ẹni tí owó ilé rẹ̀ wà lórí ìwé kíkọ nìkan kò gbọ́dọ̀ ka Hive Power mọ́ owó ilé. Irinṣẹ́ ni fún un, bíi kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣiṣẹ́.

Ìtàn Steem fi hàn bí iye náà ṣe lè yí tó. Ned Scott àti Dan Larimer ló dá a sílẹ̀, ìpín àkọ́kọ́ sì wáyé ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje 2016. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní ìparí 2017 nígbà tí kírípítò ń lọ sókè kíkan. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2018, STEEM kan tó nǹkan bíi $8. Kí ọdún yẹn tó parí, kò tó sẹ́ǹtì 30 mọ́. Ẹni tó ní STEEM 100 tì pa rí $800 di ohun tí kò tó $30, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí i lówó. Títí di oṣù Kẹjọ 2019, ìdá 75 nínú 100 ló ń tọ́ sí òǹkọ̀wé. Ìgbà yẹn ni wọ́n yí i padà sí ìdajì-ìdajì. Ní oṣù Kejì 2020, Justin Sun tó dá Tron, ètò kírípítò mìíràn, sílẹ̀ ra Steemit, ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn Steem, aáwọ̀ sì dé láàárín òun àtàwọn aráàlú orí Steem. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹta ọdún náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ya lọ dá Hive sílẹ̀, wọ́n sì ṣe àdàkọ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí HBD 2.50. Òǹkọ̀wé lè tà á fún HIVE nínú ọjà inú Hive lójú ẹsẹ̀, tàbí kó ní kí ètò fúnra rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ sí HIVE tó tó dọ́là kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń gba ọjọ́ mẹ́ta ààbọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi HIVE ránṣẹ́ sí ọjà pàṣípààrọ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ra kírípítò, tí wọ́n sì ń tà á. Ibí yìí ni ojú gbọ́dọ̀ ti là sílẹ̀. Orúkọ lásán ni àkáǹtì Hive, àkáǹtì kan ṣoṣo sì ni ọjà pàṣípààrọ̀ máa ń lò fún gbogbo oníbàárà rẹ̀. Nọ́ḿbà tàbí lẹ́tà tí wọ́n ní kí èèyàn kọ sí àyè memo nìkan ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ni owó. Ẹni tó bá gbàgbé memo ti fi owó rẹ̀ sínú agbada ńlá tí kò kọ orúkọ sí. Kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì, ìyẹn ọ̀rọ̀ aṣínà tí èèyàn fi ń wọlé, kò ṣeé fojú kékeré wò pẹ̀lú: kọ́kọ́rọ́ posting wà fún ìwé àti ìbò, kọ́kọ́rọ́ active ló ń gbé owó jáde, owner sì ni baba gbogbo wọn. Ìkànnì tó bá ń béèrè active nígbà tó jẹ́ pé ìbò lásán lèèyàn fẹ́ dì, kí wọ́n sá fún un. Kò sí báńkì kankan lẹ́yìn rẹ̀ tó máa yí kọ́kọ́rọ́ tó sọnù padà.

Lọ́jà pàṣípààrọ̀, HIVE yóò di USDT, ìyẹn kírípítò tí wọ́n so mọ́ dọ́là, USDT yóò sì di náírà. Ní Nàìjíríà, ìpele tó kẹ́yìn yìí ti rí ọ̀pọ̀ ìjì. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejì 2021, CBN, ìyẹn báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ní kí àwọn báńkì pa àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò kírípítò dé, ìgbà yẹn ni P2P, ìyẹn kí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà máa bára wọn ṣòwò ní tààràtà, wá di ọ̀nà àwọn èèyàn. Oṣù Kejìlá 2023 ni CBN tú u sílẹ̀ pẹ̀lú òfin tuntun. Ní oṣù Kẹta 2024, Binance, ọjà pàṣípààrọ̀ ńlá kan, dá gbogbo iṣẹ́ náírà dúró. Nínú P2P, ọjà ń di USDT ẹni tó ń tà mú títí olùrà yóò fi san náírà. Kí ó tó tẹ bọ́tìnì pé owó ti wọlé, inú áàpù báńkì ni kó ti wo iye tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀, kì í ṣe àlááàtì orí fóònù, nítorí àlááàtì ayédèrú pọ̀. Kó tún rí i pé orúkọ tó wà lára owó náà bá orúkọ olùrà mu. Bí orúkọ ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, owó tí wọ́n jí lè ni, báńkì sì lè ti àkáǹtì ẹni tó gbà á pa.

Náírà fúnra rẹ̀ máa ń bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Bí HIVE bá jẹ́ sẹ́ǹtì 40 nígbà tí dọ́là wà ní ₦750, HIVE kan jẹ́ ₦300. Bó bá já sí sẹ́ǹtì 20 nígbà tí dọ́là ti di ₦1,500, ₦300 náà ni. Lójú òǹkọ̀wé, owó tó ń wọlé kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ìdajì iye iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ, ohun tó ń rà sì ti gbówó lórí. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó ìpè àti dátà. Ìwé ìṣirò tó péye yóò ní òpó mẹ́rin fún owó kọ̀ọ̀kan tó wọlé: ọjọ́ tó wọlé, iye HIVE tàbí HBD, iye rẹ̀ ní dọ́là lọ́jọ́ yẹn, àti náírà tó dé báńkì gan-an. Òpó tó kẹ́yìn nìkan ni èèyàn lè fi ṣètò oúnjẹ.

Àkọsílẹ̀ yìí náà ni owó-orí ń béèrè. Òfin owó-orí tuntun ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 2026, ó sì ka èrè kírípítò mọ́ ohun tí wọ́n ń gba owó-orí lé. ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó-orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìdá 15 nínú 100. Ká ní ₦3,000,000 ló ṣẹ́ kù fún òǹkọ̀wé lẹ́yìn tó ti yọ ìnáwó iṣẹ́ rẹ̀, owó ilé rẹ̀ sì jẹ́ ₦600,000. Òfin gbà kó yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé, bí iye tó yọ kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Tirẹ̀ jẹ́ ₦120,000. Ó ku ₦2,880,000. Bí a bá yọ ₦800,000 kúrò, ₦2,080,000 ni yóò san owó-orí lé, owó-orí rẹ̀ sì jẹ́ ₦312,000. Kò sí ọ̀gá tó máa bá a yọ ọ́ lóṣooṣù, nítorí náà ₦26,000 ló yẹ kó máa yà sọ́tọ̀ lóṣù. Ní Amẹ́ríkà, láti 2014 ni IRS, àjọ owó-orí wọn, ti ní kí wọ́n ka iye kírípítò ní ọjọ́ tó wọlé sí owó iṣẹ́, bí ẹni tó gbà á kò bá tilẹ̀ tíì tà á.

Fún ẹni tí owó rẹ̀ ń wọlé lónìí tí kò wọlé lọ́la, HBD lè jẹ́ ibi ìfipamọ́ fún owó-orí náà. Èèyàn lè fi í sínú savings lórí Hive, yóò gba ọjọ́ mẹ́ta kó tó jáde, èlé sì wà lórí rẹ̀. Àwọn witness ló ń sọ iye èlé ọ̀hún. Ó ti tó ìdá 20 nínú 100 lọ́dún rí, wọ́n sì ti dín in kù. Ṣùgbọ́n HIVE ló fẹ̀yìn ti HBD. Bí gbogbo HBD tó wà níta bá ju ìdá 30 nínú 100 iye gbogbo ètò lọ, ètò kò ní lè fún HBD kọ̀ọ̀kan ní odindi dọ́là kan mọ́. Owó ilé oṣù mẹ́ta, àkáǹtì báńkì ni kó wà.