Bí Ìpele Ìkìlọ̀ Òkè Ayọnáyèéfín Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Fún Arìnrìn-Àjò ní Japan

Òkè ayọnáyèéfín 111 tó ṣì lè bú ló wà ní Japan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ibi ìgbafẹ́ táwọn èèyàn ń gùn lójoojúmọ́. Lọ́dún 2007, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpele 1 dé 5 kéde ipò tí àwọn kan nínú àwọn òkè náà wà. Ìpele yìí kì í sọ ọjọ́ tí òkè máa bú. Ibi téèyàn lè sún mọ́ ọn dé ló ń sọ.

Tó bá ti di ìpele 2, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹnu òkè. Ní ìpele 3, gígun òkè náà ti di èèwọ̀. Ìpele 4 máa ń mú káwọn arúgbó àtàwọn tí kò lè yára rìn kúrò nílé. Ní ìpele 5, gbogbo ará àdúgbò tó wà nínú ewu á sá. Ẹ̀rọ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: tí àpáta yíyọ́ bá ń gòkè bọ̀ nísàlẹ̀, ilẹ̀ á máa mì tìtì, ara òkè á sì wú díẹ̀díẹ̀.

Ètò yìí máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní May 2015, wọ́n gbé òkè Hakone sí ìpele 2, wọ́n sì ti Owakudani pa, ìyẹn àfonífojì eléèéfín táwọn àlejò ti ń jẹ ẹyin tí omi gbígbóná sọ èèpo rẹ̀ di dúdú. Àwọn ilé ìtura tó jìnnà sí i nínú ìlú Hakone ò tilẹ̀kùn.

Àmọ́ ìpele 1 ló máa ń tan èèyàn. Ìpele 1 ni òkè Ontake wà ní September 27, 2014, ọjọ́ Sátidé, tí ewé igi ń pọ́n, tí èrò sì kún orí òkè. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago méjìlá ọ̀sán lù, òkè bú. Èèyàn 58 kú, wọn ò sì rí àwọn 5 mọ́ títí dòní.

Ilẹ̀ ti mì ju ìgbà 50 lọ ní September 10, ó ju 80 lọ lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn náà ó rọlẹ̀. Ara òkè ò wú, torí náà wọn ò gbé ìpele sókè. Omi abẹ́ ilẹ̀ ló gbóná bí ìkòkò tí wọ́n dé pa lórí iná, tí ooru rẹ̀ fi fọ́ àpáta jáde. Irú èyí kì í fúnni ní àkókò: ìṣẹ́jú 11 péré ṣáájú ni ilẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láìdáwọ́ dúró. Ta ló lè sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè tó ga ní mítà 3,067 láàárín ìṣẹ́jú 11?

Òkúta tó ń já bọ́ látòkè ló pa èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n bá fọ́tò èéfín náà nínú kámẹ́rà àwọn kan tó kú síbẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kéèyàn mọ ibi tí ahéré tàbí àpáta ńlá tó lè sá sí wà kó tó gun òkè, kó dé akoto, kó sì fi orúkọ àti ọ̀nà tó máa gbà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Téèfín bá ti rú, ẹ má ya fọ́tò, ẹ sá. Lọ́dún 2015, àjọ náà yọ ọ̀rọ̀ náà “wà bó ṣe yẹ” kúrò lára ìpele 1, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí èèyàn rántí pé òkè tó lè bú ni.

Ní òkè Sakurajima, níbi tí ìpele 3 ti wọ́pọ̀, eérú ni wàhálà ojoojúmọ́. Ìlú Kagoshima máa ń fún àwọn ará ìlú ní àpò tí wọ́n á máa kó o sí. Kì í ṣe eérú igi ìdáná o. Àpáta àti gíláàsì tó fọ́ kúnná ni. Ẹ lo ìbòmú, ẹ yọ awò tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, tó bá sì kó sójú, omi ni kí ẹ fi ṣàn án, ẹ má fọwọ́ ra á.

Ní ẹnu òkè Aso, gáàsì ni wọ́n ń ṣọ́. Ẹ̀rọ ń wọ̀n ọ́n, wọ́n sì lè ṣí ọ̀nà láàárọ̀ kí wọ́n tún tì í lọ́sàn-án tí afẹ́fẹ́ bá yí. Ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá, bí ọ̀nà tiẹ̀ ṣí sílẹ̀.