Bí Wọ́n Bá Mú Yín Yí Ọgbà Ńlá Ká, Ilẹ̀ Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ọgbà ńlá tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì gíga ní Ìkòyí tàbí GRA Ìkẹjà kì í ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Bí onílé bá ní kẹ́ ẹ máa bọ̀, ẹ bá a fi sí òwúrọ̀, kó tó di aago mẹ́sàn-án. Bó bá ṣe é ṣe, kó jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú, ní oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà.

Òdòdó ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń sáré lọ bá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú sílẹ̀ ná. Lẹ́yìn wákàtí bíi mélòó kan tí òjò ti dá, omi kò gbọdọ̀ ṣì dúró lórí koríko. Ọgbà tí wọ́n tọ́jú dáadáa, wọ́n ti tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kó dà kúrò lára ilé: láàárín mítà kan, ilẹ̀ á ti fi sẹ̀ńtímítà kan sí méjì lọ sílẹ̀. Ojú kì í tètè rí i, ṣùgbọ́n omi mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ̀ lé omi náà títí dé gọ́tà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá àwọ̀n wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí ewé dí i. Ibi tí ewédò bá ti bo ilẹ̀ tó ń yọ̀, omi ti ń sùn níbẹ̀ tipẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè irú ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ní Lẹ́kkí àti apá púpọ̀ ní Victoria Island, yanrìn tí wọ́n fà láti inú omi ni wọ́n fi kún ilẹ̀. Kì í di omi mú, ìkarahun sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ní Ìkẹjà àti Àgége, ilẹ̀ pupa ló pọ̀: bó bá gbẹ, ó le bí bíríkì, bó bá tutù, ó lẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀nà ìgbìn kan ṣoṣo kò fi lè bá ìhà méjèèjì mu. Nínú yanrìn, wọ́n ní láti po ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ọn, òṣùwọ̀n kan sí yanrìn méjì. Nínú ilẹ̀ pupa, kòtò jíjìn tí wọ́n kó ajílẹ̀ kún á di kànga nígbà òjò, gbòǹgbò á sì rà sínú rẹ̀. Kòtò tó fẹ̀ ju bó ṣe jìn lọ ló yẹ ibẹ̀.

Ixora, igi òdòdó kékeré tí wọ́n máa ń gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, máa ń sọ púpọ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò. Bí ewé rẹ̀ bá pọ́n bí ìyeyè, tí iṣan inú ewé sì ṣì tutù yọ̀yọ̀, èròjà irin ni kò rí jẹ. Irin lè wà nílẹ̀ o. Ẹfun inú ìkarahun àti sìmẹ́ǹtì tó dà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rẹ́ ògiri ló dì í mú. Fífọ́n ajílẹ̀ oníkẹ́míkà NPK sí i kò lè wo ohun tó ń ṣe é. Kí wọ́n hú àwọn èékú sìmẹ́ǹtì kúrò, kí wọ́n fi ajílẹ̀ rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì gbin òmíràn jìnnà sí ògiri, ó kéré tán ìdajì mítà.

Ìdí igi ńkọ́? Ó yẹ kó fẹ̀ díẹ̀ níbi tó ti wọlẹ̀. Bó bá lọ gbọọrọ wọlẹ̀ bí òpó iná, wọ́n rì í jù nígbà tí wọ́n gbìn ín. Ewé gbígbẹ tí wọ́n fi bo ilẹ̀ dára, níwọ̀n sẹ̀ńtímítà márùn-ún sí mẹ́jọ, ṣùgbọ́n kó má kan èèpo igi. Bó bá kàn án, èèpo á rà, ikán á sì dé. Igi tí wọ́n gé lórí bọ̀ǹbọ̀ á yọ ẹ̀ka tí kò dì mọ́ra, ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ní oṣù kẹta àti ìkẹrin ló sì máa ń ya wọ́n lulẹ̀.

Ní ti kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ṣóńṣó ewé. Bó bá fàya, tó sì gbẹ, abẹ ẹ̀rọ ìgékoríko ti kú. Bí èèrà bá ń tò lára hibiscus, ẹ wo abẹ́ ewé: kòkòrò funfun tó dà bí òwú ni wọ́n ń bá kiri. Ó wù wá kí pèrègún àti àkòko pọ̀ sí i nínú irú ọgbà wọ̀nyí. Ilẹ̀ wa ni wọ́n ti wá, wọn kì í fìyà jẹ ẹni tó ń bomi rin.

Ẹ kí gáádínà kẹ́ ẹ tó bi í ní nǹkan kan: “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá.” Ẹ bi wọ́n pé igi wo ló kú lọ́dún tó kọjá, kí ló sì pa á. Ìdáhùn yẹn wúlò ju orúkọ ogún òdòdó lọ. Ẹ má tẹ ibi tí wọ́n gbin nǹkan sí, torí ẹsẹ̀ máa ń ki ilẹ̀ pọ̀ tí omi kò fi ní ríbi wọlé.

Bí wọ́n bá fún yín ní ẹ̀ka croton, igi kékeré tí ewé rẹ̀ ní àwọ̀ oríṣiríṣi, kó gùn tó sẹ̀ńtímítà méẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi bébà tútù àti nylon wé e, kẹ́ ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ náà síbi òjìji. Ti igi òdòdó frangipani yàtọ̀: ẹ fi sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí oje funfun rẹ̀ gbẹ, kí ojú ibi tí wọ́n gé sì san. Bẹ́ ẹ bá sáré gbìn ín, ìdí rẹ̀ á rà.