Ọjọ́ 27 Oṣù Kẹjọ

Ọjọ́ 27 Oṣù Kẹjọ, tí Yorùbá ń pè ní Oṣù Ògún, ni ọjọ́ 239 nínú ọdún. Bí ọdún bá jẹ́ oníjọ́ 366, òun ni ọjọ́ 240. Ní Òṣogbo, dídá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ lọ́dún 1991 ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ náà bọ́ sí lọ́dún 1991. Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, olórí ìjọba ológun, kéde ìpínlẹ̀ tuntun mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: Abia, Delta, Enugu, Jigawa, Kebbi, Kogi, Ọ̀ṣun, Taraba àti Yobe. Bí ìpínlẹ̀ Nàìjíríà ṣe di 30 nìyẹn. Ara Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti gé Ọ̀ṣun. Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ kò tíì dàgbà púpọ̀ nígbà náà, torí ọjọ́ 3 Oṣù Kejì 1976 ni wọ́n yọ ọ́ lára Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà wà nínú ìpínlẹ̀ tuntun yìí, síbẹ̀ Òṣogbo ni wọ́n fi ṣe olú-ìlú. Láti ìgbà náà, ará Òṣogbo tàbí Ìkìrun tó bá ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ kò ní láti wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn mọ́.

Leo Segun Ajiborisha ni gómìnà ológun àkọ́kọ́. Ní Oṣù Kìíní 1992, ó gbé ìjọba fún Isiaka Adeleke, ọmọ Ẹdẹ, tí àwọn ará ìlú dìbò yàn.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Moldova, ní Yúróòpù, kéde pé òun ti kúrò lábẹ́ Soviet Union. Ẹgbẹ́ ọjọ́ kan náà ni orílẹ̀-èdè yìí àti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Fún Babangida, ọjọ́ náà ló pé ọdún mẹ́fà tó gorí àlééfà. Ọjọ́ 27 Oṣù Kẹjọ 1985, tí òun náà jẹ́ Ìṣẹ́gun, ni wọ́n fipá gba ìjọba lọ́wọ́ Muhammadu Buhari. Joshua Dogonyaro ló ka ìkéde rẹ̀ lórí rédíò. Tunde Idiagbon, igbákejì Buhari, kò sí nílé. Ó ti lọ ṣiṣẹ́ Hájì ní Mẹ́kà. Babangida kúrò lórí oyè lọ́jọ́ 26 Oṣù Kẹjọ 1993, nígbà tó ku ọjọ́ kan péré kó pé ọdún mẹ́jọ.

Àwọn kan máa ń da ọjọ́ yìí pọ̀ mọ́ Ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo. Inú Oṣù Kẹjọ ni ọdún náà ń bọ́ sí lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ tí Arugbá máa gbé igbá lọ sí odò kì í dúró lójú kan bíi ti ọjọ́ tí ìjọba dá.

Lókèèrè

Ọdún 1896 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Zanzibar, erékùṣù kan ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ja ogun tí wọ́n kà sí èyí tó kúrú jù nínú ìtàn. Sultan Hamad bin Thuwaini kú lọ́jọ́ 25, Khalid bin Barghash sì gba ààfin láìgbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fún un di agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ 27 kó jáde. Kò jáde. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ojú omi ogun bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn lu ààfin, nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 ni gbogbo rẹ̀ sì gbà. Ẹ̀wà tí èèyàn bá gbé kaná nígbà tó bẹ̀rẹ̀ kò ní tíì jinná. Nǹkan bí 500 èèyàn ló kú tàbí tó fara gbọgbẹ́ lápá Khalid. Atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan péré ló ṣèṣe. Khalid sá wọ ilé aṣojú Jámánì.

Ní 1883, òkè oníná Krakatoa ní Indonéṣíà bú gbàù. Ìró rẹ̀ dé erékùṣù Rodrigues, tó jìnnà tó nǹkan bí 4,800 kìlómítà. Ó lé ní 36,000 èèyàn tó kú, ìgbì òkun ló sì gbé èyí tó pọ̀ jù lọ. Ní 1859, Edwin Drake kan epo rọ̀bì nínú kànga tó gbẹ́ ní Titusville, Amẹ́ríkà.

Àwọn tó kú

W. E. B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, kú ní Accra lọ́dún 1963, lẹ́ni ọdún 95. Haile Selassie, ọba Ẹthiópíà tí àwọn ológun ti yọ lóyè lọ́dún 1974, kú ní Addis Ababa lọ́dún 1975. Ọdún 2000 ni wọ́n tó sin ín bí wọ́n ṣe ń sin ọba.