Bí Ìtàn Rama Ṣe Bọ́ Sẹ́nu Ará Ọjà

Ní 1574, ní Ayodhya ní àríwá Íńdíà, akéwì Tulsidas fi kálámù lé ìwé. Ìtàn tó fẹ́ sọ, ìtàn Rama, ọmọ ọba tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń sìn, kì í ṣe tuntun. Valmiki ti fi Sanskrit, èdè ìwé mímọ́ ìgbàanì, sọ ọ́ láyé àtijọ́, nǹkan bí ẹsẹ 24,000. Tulsidas kọ́ ló sì kọ́kọ́ gbé e wá sí èdè ilé: Kamban ti ṣe é ní Tamil ní nǹkan bí ọ̀rúndún 12, Krittibas ti ṣe é ní Bengali ní ọ̀rúndún 15. Awadhi tí ará agbègbè rẹ̀ fi ń ná ọjà ni Tulsidas mú. Síbẹ̀, Sanskrit ló fi ṣí apá kọ̀ọ̀kan nínú méjèèje, bí ẹni ń júbà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìwọ̀n ohùn ló jẹ́ kó rọrùn láti há sórí. Chaupai ni ẹsẹ tó ń gbé ìtàn náà lọ, abala rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì gba òǹkà 16: sílébù kúkúrú jẹ́ 1, gígùn jẹ́ 2. Doha, ẹsẹ kékeré onílà méjì, ló ń wá dì í: 13, ìsinmi díẹ̀, 11, lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹyọ kan bá lé, olórin á kọsẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni Awadhi ti gbà á. Sita, orúkọ ìyàwó Rama, gba 4; Siya, orúkọ rẹ̀ kan náà, gba 2. Lakshmana àbúrò Rama lè jẹ́ Lachhimana, 4, tàbí Lakhana, 3. Bí àyè bá ṣe kù sí ni akéwì ń mú orúkọ. Ó sì tú kọ́ńsónáǹtì tó so pọ̀ ká: dharma di dharama, bhakti di bhagati.

Ìtàn náà fúnra rẹ̀ yí padà. Nínú ti Valmiki, Sita gan-an ni Ravana, ọba àwọn ànjọ̀nú ní Lanka, jí gbé. Nínú ti Tulsidas, Rama ti ní kí Sita lọ fara pamọ́ sínú iná kí Ravana tó dé. Òjìji Sita ni wọ́n gbé lọ sí Lanka. Iná tí wọ́n fi dán ìwà mímọ́ rẹ̀ wò lẹ́yìn ogun wá di ẹnu ọ̀nà tí Sita gidi gbà jáde. Ìwé Sanskrit kan, Adhyatma Ramayana, ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Ká sòótọ́, olùfọkànsìn wo ló máa fẹ́ kí ọwọ́ ànjọ̀nú kan Sita?

Ní ọ̀rúndún 19, ọba Banaras sọ ewì Tulsidas di eré ọjọ́ 31 ní Ramnagar, ní òdìkejì odò Ganges sí Varanasi. Kò sí máíkì, kò sí iná mànàmáná. Àwọn akọrin bíi 12 á kọ ẹsẹ mélòó kan, wọ́n á dákẹ́. Igbe á ta: "Chup raho!", ẹ dákẹ́! Ọmọkùnrin tó ń ṣe Rama á wá fi ohùn òkè fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn kó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni ẹ̀yìn. Tó bá gbàgbé, vyas, olùdarí eré, tó mú ìwé dúró tì í á sọ ọ́ sí i létí. Ọdún tí ohùn ọmọ bá fọ́, ó gbapò sílẹ̀ nìyẹn. Láti ibi tí wọ́n fi ṣe Ayodhya dé ibi tí wọ́n fi ṣe Lanka, káàkiri ìlú, ẹsẹ̀ lèrò fi ń tẹ̀ lé eré.

Àwọn alágbàṣe ará Íńdíà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí Trinidad, erékùṣù kan ní Caribbean, ní 1845 gbé ewì náà dání. Lónìí, pundit, àlùfáà Híńdù, ibẹ̀ á kọ ẹsẹ ní Awadhi, á sì tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó wá wòran kò gbọ́ Awadhi mọ́.