Bí orúkọ Leo Strauss ṣe wọnú ọ̀rọ̀ ogun Ìráàkì

Nígbà tí oṣù Karùn-ún ọdún 2003 fi máa wọlé, ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti gba Baghdad. Oṣù yẹn gan-an ni ìwé ìròyìn New York Times àti The New Yorker gbé orúkọ Leo Strauss jáde, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ òṣèlú kan tó ti kú láti 1973. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lára ohun tó ti àwọn neoconservative, ìyẹn àwọn olóṣèlú àti òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà tó fẹ́ kí orílẹ̀-èdè wọn lo agbára rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, dé ìdí ogun náà. Shadia Drury, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Kánádà, ti ń bá Strauss ṣẹjọ́ nínú ìwé láti 1988, ṣùgbọ́n ogun ló sọ ọ̀rọ̀ inú yunifásítì di ọ̀rọ̀ ìgboro.

Júù ni Strauss, Kirchhain ní Jámánì ni wọ́n ti bí i ní 1899. Ó kúrò nílé ní 1932, ó dé Amẹ́ríkà ní 1937, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Chicago ní 1949. Ìwé àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí ayé àtijọ́ bíi Plato, Maimonides àti Machiavelli lòun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jọ ń kà. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1952, ó ní àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́ tí ẹ̀rù ìyà ń bà máa ń fi kókó èrò wọn pamọ́ sáàárín ìlà, kí ọlọ́gbọ́n nìkan lè rí i. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Èyí kò ṣòroó yé Yorùbá. Ibẹ̀ ni ẹ̀sùn náà ti yọ, pé ó ń kọ́ àwọn aláṣẹ láti máa purọ́ fún ará ìlú. Lóòótọ́ ó ṣàlàyé irọ́ tí Plato ní ó lè ṣe ìlú lóore, àwọn tó ń fẹ̀sùn kàn án sì dì í mú gírígírí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọ̀rọ̀ pamọ́ nínú ìwé 1952 yẹn, ẹni tó ń sá fún idà ọba ni, kì í ṣe ọba.

Irving Kristol, òǹkọ̀wé tí wọ́n máa ń pè ní bàbá àwọn neoconservative, kọ̀wé nípa ìwé 1952 náà nínú ìwé ìròyìn Commentary ní ọdún kan náà, ó sì yìn ín. Okùn àkọ́kọ́ tó so Strauss mọ́ àwọn neoconservative nìyẹn. Ní 1965 òun àti Daniel Bell dá ìwé ìròyìn The Public Interest sílẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ òṣì àti ètò ìlú nínú Amẹ́ríkà ló gbájú mọ́. Michael Harrington, tó jẹ́ sósíálíìsì, ló sọ orúkọ "neoconservative" di mímọ̀ ní 1973, ìbáwí ló sì fi ṣe.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè gba ọ̀nà mìíràn wọlé: ọ́fíìsì Sẹ́nétọ̀ Henry Jackson, níbi tí Richard Perle, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú neoconservative, ti ṣiṣẹ́, àti ọ̀dọ̀ Albert Wohlstetter, onímọ̀ ìṣirò tó ń wádìí bí wọ́n ṣe lè dènà ogun átọ́míìkì. Paul Wolfowitz, igbákejì mínísítà ètò ààbò nígbà ogun náà, gba kọ́ọ̀sì méjì lọ́dọ̀ Strauss. Wohlstetter ló bójú tó iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, lórí ewu kí ohun ìjà átọ́míìkì tàn ká Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn. Ẹni tó ń wá olùkọ́ Wolfowitz nínú ọ̀rọ̀ ohun ìjà, ibẹ̀ ni kó wò.

Okùn tó yi jù láàárín Strauss àti ogun náà ni Abram Shulsky, akẹ́kọ̀ọ́ Strauss ní Chicago. Ní 1999, òun àti Gary Schmitt kọ ọ́ pé àṣìṣe àwọn olùtúpalẹ̀ ìròyìn àṣírí ni pé wọ́n ń rò pé gbogbo ìjọba ń hùwà bákan náà. Wọ́n ní Strauss kọ́ni pé irú ìjọba tó wà nílùú ló ń pinnu ìwà rẹ̀, pé ẹ̀tàn kò sì jìnnà sí òṣèlú. Ní 2002, Shulsky di olórí Office of Special Plans ní Pentagon, iléeṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìròyìn nípa Ìráàkì wò. Ewu irú ìwòye bẹ́ẹ̀ hàn: tí a bá ti gbà pé Saddam, olórí Ìráàkì, ń fi ohun ìjà olóró pamọ́, àìrí ohun ìjà náà á wá di ẹ̀rí pé ó mọ̀ ọ́n pamọ́. Àwọn tó wá ohun ìjà náà lẹ́yìn ogun kò bá àkójọ kankan.

Síbẹ̀, ẹnì kan péré ni Shulsky. Ààrẹ Bush, igbákejì rẹ̀ Cheney àti mínísítà ètò ààbò Rumsfeld, tí àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn, kò kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Strauss. Ní oṣù Kẹfà 2003, ọmọ Strauss, Jenny Strauss Clay, kọ̀wé sí New York Times pé ẹni tí wọ́n ń ròyìn yẹn kọ́ ni bàbá òun. Strauss fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú The City and Man ní 1964 pé ìlú kọ̀ọ̀kan yóò ṣì máa wà lọ́tọ̀ ara rẹ̀, kò sí ìjọba kan tí yóò kó gbogbo ayé pọ̀. Iṣẹ́ tó kánjú jù fún ìlú ni kó dáàbò bo ara rẹ̀, èyí tó sì ga jù ni kó tún ara rẹ̀ ṣe.