Ilé tó wà lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún náírà

Ẹni tó bá yí owó bébà ẹgbẹ̀rún náírà sẹ́yìn, ìbáà jẹ́ ní Ọjà Ọba ní Ìlọrin tàbí ní ọjà Owódé ní Ọ̀fà, yóò rí àwòrán ilé ńlá kan níbẹ̀. Olú iléeṣẹ́ Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ní Àbújá ni. Àwọn tó wà níwájú owó kan náà ni Aliyu Mai-Bornu àti Clement Isong, ọmọ Nàìjíríà méjì àkọ́kọ́ tó jẹ gómìnà báńkì náà, láàárín 1963 sí 1975. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fiyè sí ni pé kò sí èyí tó jókòó sínú ilé ẹ̀yìn owó yẹn ṣe gómìnà nínú àwọn méjèèjì. Èkó ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, nígbà tí a kò tíì yan Àbújá rárá.

Kó tó di 1959, London ni àṣẹ owó wa wà. Ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1912 ló ń ṣe owó fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìlànà rẹ̀ sì ni pé owó tó bá jáde síta níhìn-ín gbọ́dọ̀ ní pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì tó dúró fún un ní London. Nítorí náà, bí kòkó, epo pupa àti ẹ̀pà bá tà lókè òkun, owó a pọ̀ nígboro. Bí wọn kò bá tà, owó a wọ́n, kò sì sí aláṣẹ kankan nílé tó lè wá nǹkan ṣe sí i.

Òfin 1958 ló yí èyí padà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1959, Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní gbàgede Tinúbú ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí a fi orúkọ ìyálọ́jà ńlá nì, Ẹfúnróyè Tinúbú, pè, lábẹ́ gómìnà òyìnbó, Roy Fenton. Láti Èkó náà ni a ti sọ ṣílè mẹ́wàá di náírà kan ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973. Òfin oṣù Kejì 1976 ló sọ Àbújá di olú ìlú; ìjọba kó lọ síbẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1991, olú iléeṣẹ́ báńkì náà sì tẹ̀ lé e.

A kì í tẹ owó nínú ilé yẹn o. Iléeṣẹ́ mìíràn, tí a dá sílẹ̀ ní 1963, ló ń tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí Báńkì Àpapọ̀ bá ṣe pàṣẹ, bébà lásán sì ni ohun tó tẹ̀ títí báńkì náà yóò fi gbé e jáde. Láti ibẹ̀ ni owó ti ń lọ sí àwọn ẹ̀ka, títí kan ẹ̀ka Ìlọrin. Gbogbo báńkì tí a ń lò nígboro ló ní àkáǹtì lọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀. Bí èyí tó wà ní Ìlọrin bá fẹ́ owó bébà, wọn yóò yọ iye rẹ̀ nínú àkáǹtì yẹn kí wọ́n tó kó owó fún un. Owó tó ti gbó a sì padà síbẹ̀ bákan náà, wọn yóò ṣà á, wọn yóò sì ba èyí tí kò wúlò mọ́ jẹ́.

Ìdí nìyí tí owó fi wà nínú àkáǹtì àwọn ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí kò sì sí lọ́wọ́ wọn: a ti gba owó àtijọ́ wọlé, tuntun tó jáde láti oṣù Kejìlá 2022 kò sì tó, títí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi dá sí ọ̀rọ̀ náà ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta.

Ní oṣù Kìíní 2024, báńkì náà kéde pé èrò ti pọ̀ jù nínú ilé Àbújá, ó sì ní kí àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ kan nínú ilé náà, pàápàá àwọn tó ń bójú tó àwọn báńkì yòókù, padà sí Èkó, níbi tí olú iléeṣẹ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn báńkì ọ̀hún wà. Àwọn kan láti Òkè Ọya fárí gá. Ṣùgbọ́n olú iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò ṣí. Òfin báńkì náà ti 2007 ló fi í sí Àbújá, kò sì lè kúrò níbẹ̀ àfi bí àwọn aṣòfin bá yí òfin ọ̀hún padà.