Ẹ̀wà tó ń pa ìdin, ṣé kò ní pa oyin?

Lọ́dún 2019 ni ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí SAMPEA 20-T, ẹ̀wà kan tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Zaria. Torí ìdin Maruca ni wọ́n ṣe ṣe é. Ìdin yìí a máa jẹ òdòdó ẹ̀wà, a máa dá èso tútù lu, a sì wọ inú rẹ̀ lọ jẹ hóró. Bó bá ráyè, ó lè run tó ìdá 80 nínú 100 ìkórè. Bó bá wá fẹnu kan ẹ̀wà tuntun yìí, ikú ni. Ìbéèrè tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ ni pé, ohun tó pa ìdin, ṣé kò ní pa oyin tó ń bà lé òdòdó, tàbí agbọ́n kéékèèké tó ń bá àgbẹ̀ dọdẹ kòkòrò?

Inú ìfun lọ̀rọ̀ náà wà. Bakitéríà inú ilẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Bacillus thuringiensis, tí wọ́n ń gé kúrú sí Bt. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti mú àbùdá tí ẹ̀wà náà fi ń ṣe pòròtéènì Cry1Ab. Omi inú ìfun ìdin le bí omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú. Tí pòròtéènì náà bá débẹ̀, á dì mọ́ ògiri ìfun, á sì dá a lu. Ìdin ò ní lè jẹun mọ́, kò sì ní pẹ́ kú. Ìfun oyin ò rí bẹ́ẹ̀, Cry1Ab ò sì ríbi dì mọ́ lára rẹ̀. Ṣe ló máa dà nínú oyin bí oúnjẹ yòókù.

Àmọ́ ìdin labalábá náà ìdin ni, ìfun wọn sì jọra. Lọ́dún 1999, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà wọ́n lẹ́búlẹ́bú òdòdó àgbàdò Bt, ìyẹn àgbàdò tí wọ́n fi àbùdá Bt sí, sórí ewé tí ìdin labalábá monarch ń jẹ, ọ̀pọ̀ wọn sì kú. Ariwo gba ayé kan. Nígbà tí àwọn mìíràn lọ wo ojú oko gan-an, tí èsì wọn jáde lọ́dún 2001, wọ́n rí i pé lẹ́búlẹ́bú tó ń bọ́ sórí ewé náà kì í sábà pọ̀ tó èyí tó ń pa wọ́n. Irú àgbàdò kan, Bt176, ni pòròtéènì náà pọ̀ jù nínú lẹ́búlẹ́bú rẹ̀, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà. Èyí kò dún tó ariwo àkọ́kọ́, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ti kòkòrò tó ń pa kòkòrò jẹ ló díjú jù. Àwọn onímọ̀ ní Switzerland kọ́kọ́ rí i pé àwọn ọmọ kòkòrò apẹranjẹ kan, Chrysoperla, tí wọ́n fún ní ìdin tó ti jẹ àgbàdò Bt, ń kú ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ó jọ pé májèlé ni. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fún wọn ní kòkòrò mìíràn tí Bt kì í ṣe ní nǹkan kan, tí pòròtéènì náà sì kún inú rẹ̀, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ìdin tó ń kú lọ ni kò ṣara lóore.

Agbọ́n tó ń yé ẹyin sínú ara ìdin tún ní ìṣòro tirẹ̀. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan, ti tú irú rẹ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Benin, Therophilus javanus, sílẹ̀ láti fi gbógun ti Maruca. Bí ìdin bá kú kí ọmọ agbọ́n tó dàgbà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì ló bá a lọ. Ohun tó ń gbà wọ́n ni pé Maruca tún ń gbé lórí àwọn ewéko ìgbẹ́ tí kò ní Bt, agbọ́n sì lè máa rí i níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìjiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í ka oògùn tí àgbẹ̀ ń fín tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn. Àgbẹ̀ tó gbin ẹ̀wà lásán lè fín oògùn lẹ́ẹ̀mẹfà sí mẹ́jọ kó tó kórè, oògùn yẹn ò sì mọ oyin yàtọ̀ sí ìdin. Ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Ṣáínà, àwọn onímọ̀ ṣọ́ oko òwú ní ibi 36 láti 1990 dé 2010. Bí òwú Bt ṣe mú kí oògùn fínfín dín kù, aláǹtakùn àtàwọn kòkòrò apẹranjẹ ń pọ̀ sí i, wọ́n sì jọ pé wọ́n ń ran oko àgbàdò, sóyà àti ẹ̀pà tó wà nítòsí lọ́wọ́. Kì í ṣe ayọ̀ nìkan o: kòkòrò mirid tí Bt kì í pa náà rí àyè, ó sì di ìyọnu fún àgbẹ̀.

Irú irúgbìn mìíràn tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà wà tí kì í pa kòkòrò kankan, tó jẹ́ pé oògùn apakoríko ni kì í ràn án. Nínú àyẹ̀wò tí èsì rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2003, labalábá dín kù nínú oko bíìtì (irúgbìn tí wọ́n ń gbìn torí gbòǹgbò rẹ̀) irú yìí, torí pé oògùn ti pa koríko tó ń yọ òdòdó fún wọn.

Lórí ẹ̀wà Bt, oògùn ṣì kù díẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀mejì, torí àwọn kòkòrò tó ń fa omi ara ẹ̀wà mu, tí Cry1Ab ò ràn. Àárọ̀ ni òdòdó ẹ̀wà máa ń ṣí, tí oyin ń bà á. Kó tó di ọ̀sán ó ti padé. Ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kí wọ́n fín in.